Ṣé ẹ̀mí ni mo ń pa? Ìbéèrè lórí awọ ènìyàn tí wọ́n ń tọ́jú láàyè nínú láàbù

Ìbéèrè:
As-salāmu ‘alaykum, Àfáà. Láàbù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Awọ tí àwọn dókítà gé kúrò lára ènìyàn nígbà iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ń gbé wá fún wa. A ó gé e wẹ́wẹ́, a ó gbé e sínú omi tó ní oúnjẹ nínú, yóò sì wà láàyè fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń dán oògùn wò. Èmi ni mo ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá parí, èmi náà ni mo ń dà á nù, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé kì í ṣe ẹ̀mí ni mo ń pa? Ṣé owó oṣù mi hàláálì ni? Ṣé dandan ni kí n tún àlùwàlá ṣe tí mo bá ti fọwọ́ kàn án?

Ìdáhùn:
Wa ‘alaykumu s-salām wa rahmatullāh, arábìnrin mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fún yín ní ọkàn tó ń bẹ̀rù Rẹ̀ nídìí iṣẹ́ òòjọ́.

Àwọn onímọ̀ wa máa ń sọ pé ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan ṣe rí kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí n tó kọ ohunkóhun sí yín, mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéú mi tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo ní kó fi hàn mí. Ó gbé àwo pẹlẹbẹ kan jáde látinú ẹ̀rọ tó ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ooru inú ara ènìyàn gẹ́lẹ́. Awọ tó wà nínú rẹ̀ kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Orí àwọ̀n kékeré kan ni wọ́n gbé e lé. Inú rẹ̀ kan omi tó pọ́n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, bó ṣe máa ń rí lára wa. Ó ní tí awọ náà bá ti jẹ oúnjẹ inú omi, pípọ́n omi yẹn á ṣá, á di bí àwọ̀ ìyeyè, ìgbà náà ni wọ́n á mọ̀ pé ó tó pààrọ̀. Mo wò ó títí, mo ní Subhānallāh. Ẹni tó ni awọ ti padà sílé rẹ̀, bóyá ó tiẹ̀ ti gbàgbé, awọ rẹ̀ ṣì ń jẹun lójú mi níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó ń kó ìdààmú bá yín ṣáájú. Wíwà láàyè awọ yẹn yàtọ̀ sí ẹ̀mí tí Ọlọ́hun fi sínú ènìyàn. Nínú Sūratul-Isrā’, ááyà 85, Ó sọ pé wọ́n ń bi Ànábì léèrè nípa ẹ̀mí, kó sọ fún wọn pé nínú àṣẹ Olúwa òun ni ẹ̀mí wà, ìmọ̀ díẹ̀ ni wọ́n sì fún wọn. A kò mọ bí ẹ̀mí ṣe rí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé apá ẹnì kan, ẹ̀mí rẹ̀ kò dín, odidi ènìyàn ló ṣì jẹ́, ìrun àti ààwẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tiẹ̀ sọ pé ohun tí wọ́n bá gé lára ẹran nígbà tó wà láàyè, òkú ni ohun náà. Abū Dāwūd àti Tirmidhī ló gbà á wá. Awọ inú àwo yín kò mọ ìrora, nítorí okùn ìmọ̀lára tó so ó mọ́ ọpọlọ ti já. Ó ń dàgbà bí èékánná ṣe ń hù, kò sì ní ẹ̀mí tirẹ̀. Ẹ kò pa ẹnikẹ́ni.

Ti àlùwàlá kò gùn. Fífọwọ́ kàn án kò ba àlùwàlá jẹ́. Bukhārī àti Muslim gbà á wá pé onígbàgbọ́ òdodo kì í di ẹ̀gbin. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí aṣọ yín, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kírun, ó tán.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ànábì ní kí á máa wá ìtọ́jú, nítorí Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Ní 1988, àjọ àwọn onímọ̀ fíkíhì, ìyẹn òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ti àgbáyé jókòó ní Jeddah ní Saudi Arabia, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹ̀yà tí wọ́n bá yọ kúrò lára ènìyàn nítorí àìsàn, ó tọ́ kí ẹlòmíràn jàǹfààní rẹ̀. Ojú tí wọ́n yọ tí wọ́n sì mú awẹ́ iwájú rẹ̀ fún afọ́jú ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Lójú tèmi, kíkọ́ ìmọ̀ ìwòsàn lára awọ tí wọ́n ì bá jù sínú iná wà lójú ọ̀nà kan náà. Ní 1983, iná jó ọmọ ìyá méjì ní Amẹ́ríkà kọjá ìdá 90 nínú 100 ara wọn. Ìwọ̀nba awọ tó ṣẹ́kù lára wọn ni àwọn dókítà mú, wọ́n mú un gbilẹ̀ nínú àwo, wọ́n sì fi bo ojú ọgbẹ́ wọn. Àwọn ọmọ méjèèjì yè é. Ẹni tó bá gba ẹ̀mí kan là, Ọlọ́hun ní ńṣe ló dà bí ẹni tó gba gbogbo ènìyàn là.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù, arábìnrin mi, ẹ kò béèrè rẹ̀. Ta ló fún yín ní awọ yẹn? Ṣé ẹni tó ni ín mọ̀?

Ní 1951, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Henrietta Lacks, gbé àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore. Wọ́n mú nínú ẹran ibi tí àrùn náà wà, ẹnikẹ́ni kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú lọ́dún yẹn, ẹni ọdún 31. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara, kò kú. Títí di òní wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ káàkiri ayé, oògùn ti tara rẹ̀ jáde, àwọn kan fi pawó, ó sì lé ní 20 ọdún kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó gbọ́. Àǹfààní ibẹ̀ pọ̀, mi ò jiyàn. Síbẹ̀, àbòsí ni wọ́n fi mú un.

Ẹ rántí Sūratu Fussilat, ááyà 21. Awọ ara yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Àwọn ènìyàn yóò bi awọ wọn pé kí ló dé tó jẹ́rìí takò wọ́n, awọ yóò dáhùn pé Ọlọ́hun tó fún gbogbo nǹkan lọ́rọ̀ sọ ló fún òun lọ́rọ̀ sọ. Ẹlẹ́rìí ẹlòmíràn ni ẹ fi síkàáwọ́ yẹn. Àgbàfipamọ́ ni, àmánà.

Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé tí ẹni tó ni awọ fọwọ́ sí. Ṣé wọ́n kà á fún un ní èdè tó gbọ́? Ṣé ojú rẹ̀ dá, kì í ṣe ìgbà tí oògùn oorun ti wọ̀ ọ́ lára? Ṣé wọ́n sọ fún un pé tó bá kọ̀, wọn ò ní fi ìtọ́jú dù ú? Ṣé wọ́n kò gé ju èyí tí àìsàn rẹ̀ ń fẹ́ lọ nítorí ìwádìí? Gígé ju bó ṣe yẹ lọ yẹn, hàráámù ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni títa awọ ọ̀hún, nítorí ara ọmọ Ánábì Ádámọ̀ kì í ṣe ọjà. Owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ kò sí nínú èyí, owó oṣù yín sì jẹ́ owó iṣẹ́, hàláálì ni níwọ̀n ìgbà tí ìwé náà bá wà. Tí kò bá sí, ẹ sọ fún ọ̀gá yín. Tí wọn ò bá yí padà, ẹ yọwọ́ níbẹ̀, Ọlọ́hun yóò fi èyí tó dára jù rọ́pò.

Tí iṣẹ́ bá parí, a kì í wẹ̀ ẹ́, a kì í kírun sí i lára. Sísin ín ló dára jù. Tí òfin láàbù bá ní kí wọ́n sun ún kí àrùn má baà ràn, tí ẹ kò sì rí ọ̀nà mìíràn, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn yín. Kí ẹ má ṣáà dà á pọ̀ mọ́ pàǹtírí, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù yà á ṣeré.

Ẹ lọ wo ìwé yẹn, kí ẹ sì kọ̀wé padà sí mi.

Wallāhu a‘lam.