Ojú kálàmù lórí sítáǹpù: ẹ má fi jíìkì fọ̀ ọ́ o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. A ṣí àpótí bàbá tó bí bàbá mi ní Abẹ́òkúta, la bá bá sítáǹpù bí ọgbọ̀n nínú ẹ̀. Òmíì ní orí Ọbabìnrin Victoria tí wọ́n kọ Lagos sí, òmíì ní orí Ọba George tí wọ́n kọ Nigeria sí, òmíì ṣì lẹ̀ mọ́ rìsíìtì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n ti fi kálàmù kọ nǹkan gba orí púpọ̀ nínú wọn. Ọkùnrin kan tó ní òun ń ra nǹkan àtijọ́ sọ pé kí n fi òwú àti jíìkì díẹ̀ nù ún, pé íǹkì yẹn á ṣí kúrò, sítáǹpù á dà bíi tuntun, owó ẹ̀ á sì lé ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni kí n ṣe po jíìkì náà?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi, tí òwú bá ti wà lọ́wọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń ka èyí, ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi lóríṣiríṣi, ti jíìkì, ti ọsàn wẹ́wẹ́, ti oògùn tí wọ́n fi ń yọ ìpẹtà, ó sì ń bí mi nínú gan-an, torí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ba nǹkan jẹ́ tán ni ọ̀pọ̀ máa ń rántí bi mí.

Ohun tí ẹ pè ní wàhálà yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ni. Sítáǹpù dà bí owó, tí wọ́n bá ti ná an tán wọ́n gbọ́dọ̀ pa á kí ẹlòmíì má baà ṣí i kúrò kó tún lò ó. Ní pósófíìsì, òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń pa á, ìyẹn róbótó dúdú tó ní orúkọ ìlú àti déètì nínú. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo pósófíìsì ló ní òǹtẹ̀ látilẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbé sítáǹpù àkọ́kọ́ tó kárí orílẹ̀-èdè wọn jáde ní July 1847, sẹ́ńtì márùn-ún tó ní orí Franklin àti sẹ́ńtì mẹ́wàá tó ní orí Washington, ọ̀pọ̀ pósófíìsì kéékèèké ò ní nǹkan kan tí wọ́n lè fi pa á, kálàmù ni wọ́n fi fa ìlà sí i. Títí dòní, èyí tí wọ́n fi kálàmù pa nínú wọn lè má tó ìdajì owó èyí tó ní òǹtẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn tí owó wọn ò pọ̀ sì máa ń tipa bẹ́ẹ̀ rí èyí tí agbára wọn ká rà.

Tiyín yìí, pẹ̀lú ohun tí mo rí nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, ó jọ pé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ò tiẹ̀ gba ọ̀nà pósófíìsì rárá. Owó tí ìjọba ń gbà lórí ìwé, bíi rìsíìtì àti ìwé ilẹ̀, ni wọ́n fi san. Láti 1881 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ kí sítáǹpù kan náà máa ṣiṣẹ́ méjèèjì, tó ṣe é lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tó sì ṣe é lẹ̀ mọ́ rìsíìtì, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí “Postage & Revenue” lára ọ̀pọ̀ sítáǹpù àwọn ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso. Òfin wọn ti 1891 ní ẹni tó bá lo sítáǹpù mọ́ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹ̀ tàbí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀ gba orí ẹ̀ kọjá, pẹ̀lú déètì. Òfin tiwa ti 1939 gba ọ̀nà yẹn náà. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín, wọ́n á rántí: tí wọ́n bá sanwó ilé tàbí owó ilẹ̀ tán, wọ́n á lẹ sítáǹpù mọ́ ìsàlẹ̀ rìsíìtì, ẹni tó gbowó á wá sáìn kọjá lórí ẹ̀, ìdajì orúkọ á bọ́ sórí sítáǹpù, ìdajì á bọ́ sórí bébà.

Ṣé ẹ wá rí ibi tí owó ti yàtọ̀? Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ ń wá ẹ̀rí pé ó rìnrìn àjò, ìlú wo, ọjọ́ wo. Ìlà kálàmù ò sọ ìlú kankan. Iye tí ẹ bá rí nínú kátálọ́ọ̀gì Stanley Gibbons, ìyẹn ìwé tí wọ́n to iye owó sítáǹpù sí, fún sítáǹpù tí wọ́n ti lò, èyí tí pósófíìsì pa ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe èyí tí lọ́yà tàbí akọ̀wé kóòtù pa. Ibi tó ti ń dun èèyàn jù ni ti àwọn olówó ńlá, ṣílè mẹ́wàá, pọ́n-ùn kan, torí ta ló ń lẹ pọ́n-ùn kan mọ́ lẹ́tà láyé ọjọ́un? Ìwé ilẹ̀ àti ìwé kóòtù ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún, nítorí náà èyí tó ní ojú kálàmù wọ́pọ̀ dáadáa, èyí tó ní òǹtẹ̀ pósófíìsì gidi sì ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá wo iye inú kátálọ́ọ̀gì tó wá ń retí ẹ̀ lórí èyí tí wọ́n sáìn, á já kulẹ̀.

Àlàfo owó yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí àwọn kan máa fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè ṣiṣẹ́ lórí tiyín. De La Rue, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní London, ló tẹ sítáǹpù Lagos láti èyí àkọ́kọ́ ní 1874, àwọn èèyàn yẹn sì mọ̀ pé olè wà. Nígbà tí sítáǹpù di ohun tí wọ́n ń fi kálàmù pa, wọ́n mú àwọ̀ méjì kan tí wọ́n ṣe tó jẹ́ pé wọn ò lè fara da omi tàbí oògùn, àwọ̀ àlùkò kan àti àwọ̀ ewé kan. Tí ẹ bá ní kẹ́ ẹ fi nǹkan olómi yọ íǹkì kálàmù, àwọ̀ sítáǹpù fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sá lọ. Ẹ wá lọ wo sítáǹpù Lagos láti 1887 wá: kọ́bọ̀ méjì, tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́rin, àlùkò ni gbogbo wọn pẹ̀lú àwọ̀ kejì, ṣílè kan, ṣílè méjì ààbọ̀, ṣílè márùn-ún, ṣílè mẹ́wàá, ewé ni. Àwọ̀ tí wọ́n ṣe láti fi mú ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ ni. Nígbà tó di bíi 1905, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo bébà tí wọ́n fi nǹkan funfun bí ẹfun ra lójú, tó jẹ́ pé tí ẹ bá fọwọ́ omi kàn án, ojú àwòrán á bó tẹ̀lé òwú. Nítorí náà ẹ ò gbọdọ̀ rẹ ẹ́ sómi lásán gan-an, ká má tíì sọ jíìkì.

Ọkùnrin kan gbé irú ẹ̀ wá bá mi, Lagos ṣílè méjì ààbọ̀, wọ́n tà á fún un pé ẹnikẹ́ni ò tíì lò ó rí, ó sì ti san owó gidi. Kí n tó mú gíláàsì ni ọkàn mi ti bà jẹ́. Àwọ̀ ewé tó yẹ kó tutù yọ̀yọ̀ ti di yẹ́lò bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń gbẹ, bébà ẹ̀ funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Gọ́ọ̀mù ò sí lẹ́yìn. Mo dà á délẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, mo rí ìlà tínínrín méjì tó ń bá ara wọn rìn, ibi tí ẹnu irin kálàmù ti tẹ bébà nìyẹn, kò sí jíìkì tó lè yọ ìyẹn. Mo wá gbé e sábẹ́ iná tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báńkì, sáìn náà bá jáde: J ńlá kan tó nírù gígùn, àti déètì tí apá kan ẹ̀ ti lọ. Bí ẹni tó bóra ló rí, tí ojú ti pọ́n àmọ́ tí oríkèé ọwọ́ ṣì dúdú. Íǹkì àtijọ́ yẹn, irin wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń pọ́n bó bá ti pẹ́, ó máa ń jẹ wọnú bébà, ohun tí ẹ bá fi nu ojú ẹ̀ ò lè dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú sáìn ẹ̀ ni, ì bá ṣì rí ẹni tó máa rà á, ó kéré tán. Bó ṣe wà yẹn, mi ò lè bá a wá oníbàárà, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan tún máa ń gbà á síbò míì, wọ́n á fọ íǹkì kúrò, wọ́n á wá lu òǹtẹ̀ ayédèrú bo ibi tí ojú ẹ̀ ti ṣá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Madame Joseph ní London ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ní òǹtẹ̀ ayédèrú oríṣiríṣi fún àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àwọn èèyàn títí dòní. Nítorí náà tí ẹnì kan bá fẹ́ ra sítáǹpù olówó ńlá, kó béèrè ìwé ẹ̀rí látọwọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ ní London, Royal Philatelic Society London, tó ti wà láti 1894. Tí ẹ bá sì ta èyí tí ẹ fọ̀ fún èèyàn pé tuntun ni, jìbìtì nìyẹn. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, àmọ́ mo mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ẹ̀ ní kóòtù.

Ẹ má rò pé ojú kálàmù kàn ń ba nǹkan jẹ́ níbi gbogbo o. Sítáǹpù tó lókìkí jù láyé, British Guiana (ibi tí wọ́n ń pè ní Guyana báyìí) sẹ́ńtì kan ti 1856, ó ní lẹ́tà E.D.W. tí wọ́n fi kálàmù kọ sí i. Sítáǹpù tí wọ́n ń retí láti London ni ò tètè dé, wọ́n bá ní kí àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn níbẹ̀ tẹ díẹ̀, ọ̀gá pósófíìsì wá ní kí akọ̀wé fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ayédèrú má baà wọlé. Ó ní òǹtẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà kálàmù tiẹ̀ kì í ṣe láti pa á. Wọ́n tà á ní New York ní 2014, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ì bá ti fi òwú nù ún kó lè mọ́. Àwọn tó ń kó sítáǹpù owó ìjọba jọ náà wà, wọn ò pọ̀ bíi ti lẹ́tà, àmọ́ ojú kálàmù gan-an ni wọ́n ń retí, pàápàá tí orúkọ bá ṣe é kà tí déètì sì pé.

Ní ti iye tí tiyín máa mú wá, mi ò ní fi fọ́tò fóònù dá owó lé nǹkan, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń méfò ni. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú sítáǹpù kọ́bọ̀ kan kọ́bọ̀ méjì ayé yẹn ò wọ́n, kódà èyí tó ní òǹtẹ̀ tó dáa, torí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Pé nǹkan pẹ́ ò sọ ọ́ di olówó iyebíye. Èyí tó wà lórí rìsíìtì, ẹ má ṣí i kúrò, rìsíìtì odindi pẹ̀lú sítáǹpù àti sáìn dáa ju sítáǹpù nìkan lọ, mo sì lè sọ ìyẹn láì tíì rí i. Ẹ má fi ọ̀rá gbígbóná dì í, ẹ má lo sẹ́lótéèpù. Ẹ kó o sáàárín ìwé tó gbẹ, ní ibi tí oòrùn àti ọ̀rinrin ò dé, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ó kéré tán èèyàn méjì tó mọ̀ ọ́n wò ó lójúkojú kẹ́ ẹ tó tà á, kí ọkùnrin tó ní kẹ́ ẹ lo jíìkì má sì wà lára àwọn méjèèjì.

Rìsíìtì kan wà lápá òsì fọ́tò yín, èyí tó ní sítáǹpù àlùkò tí sáìn gùn kọjá bọ́ sórí bébà. Ó jọ pé mo rí “Abeokuta” lápá òkè ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ tó súnmọ́ dáadáa fún mi, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ má tan fíláàṣì.