Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Àdìrẹ Ilé àti Ti Òkèèrè

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra àdìrẹ yáàdì 5 ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ò wọ́n rárá, ó sì jọ tiwa débi pé mi ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kí ni kí n máa wò? (Oǹkàwé, Ìbàdàn)

Èsì: Kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀, ẹ yí aṣọ náà padà. Èyí tí wọ́n rì sínú aró, aró mu ún wọnú, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ àwọ̀ lé, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá ju ojú rẹ̀ lọ. Àmọ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè tan yín jẹ níbí, torí àwọ̀ ẹ̀rọ náà máa ń là á kọjá. Ẹ wá wo bátànì. Lára àdìrẹ alábẹ́là, èyí tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe bátànì rẹ̀, ẹ mú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí àbẹ́là ti sán, kí ẹ wá irú rẹ̀ lọ síwájú. Bí ìlà kan náà, tó wọ́ síbì kan náà, bá ń padà wá léraléra, ẹ̀rọ ló ṣe é. Àbẹ́là kì í sán bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya dípò àbẹ́là: nínú bátànì Ìbàdàndùn, àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà, ọ̀kan á sanra ju èkejì lọ.

Tí ọlọ́jà bá gbà, ẹ fa fọ́nrán òwú kan létí aṣọ, ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á rọ̀. Pólíésítà á yọ́, á sún kì, á di kókó líle, ẹ ó sì gbọ́ òórùn ike jíjó. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í mu òógùn, ẹ má wọ̀ ọ́ lọ òde ọ̀sán.

Ohun tí àwọn tó ń pariwo ọjà ilé kì í sọ ni pé, púpọ̀ nínú aṣọ funfun, kọ́stíìkì àti háídírọ́ọ̀sì (kẹ́míkà méjì tí wọ́n fi ń po aró) tí aláró ń lò, òkèèrè ló ti wá. Iṣẹ́ ọwọ́ lẹ ń sanwó rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí iṣẹ́ ọwọ́ lára aṣọ, ẹ má sanwó iṣẹ́ ọwọ́, ì báà jẹ́ Ìtòkú gan-an ni wọ́n ti ń tà á.

Ìbéèrè: Mo ń ṣe àdìrẹ nílé lópin ọ̀sẹ̀, fún ìgbádùn ara mi. Ṣé kí n ra páálí aró òkèèrè tó ní gbogbo nǹkan nínú, àbí kí n máa rà á lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jà? Èyí tí mo kọ́kọ́ fi èròjà ọjà ṣe, ìfọ̀ méjì ló ṣá. (Oǹkàwé, Èkó)

Èsì: Ọjà ni. Páálí yẹn dára fún ẹ̀wù ọmọdé méjì mẹ́ta, kò lè mú aṣọ yáàdì 5 débi kankan. Àmọ́ ẹ má ra háídírọ́ọ̀sì inú ọ̀rá tó ti wà ní ṣíṣí látọjọ́ pípẹ́. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti pa agbára rẹ̀, àwọ̀ kò ní yòrò dáadáa, orí aṣọ lásán ni yóò dúró sí, ọṣẹ á sì gbé e lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ṣe tiyín.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ sítáàṣì kúrò lára aṣọ tuntun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró á mú un ní àbùlẹ̀-àbùlẹ̀. Fún yáàdì 2, ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ po ṣíbí ìjẹun 1 àwọ̀. Ẹ fi kọ́stíìkì ṣíbí 2 sínú omi (ẹ má da omi lé kọ́stíìkì, ó máa ń ta síni lójú), lẹ́yìn náà háídírọ́ọ̀sì ṣíbí 3, kí ẹ da àwọ̀ tí ẹ pò sí i. Báfù oníke ni kí ẹ lò, kọ́stíìkì a máa jẹ ìkòkò sílífà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí àbẹ́là bá wà lára aṣọ, ẹ jẹ́ kí aró tutù kí ẹ tó rì í, kó má baà yọ́. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi òjìji. Àwọ̀ tó bá jáde kò ní jọ èyí tí ẹ rà, ẹ má fòyà: afẹ́fẹ́ ni yóò mú un padà. Ìgbà tó bá padà tán ni kí ẹ tó ṣan án.

Ìbéèrè: Gángan kékeré fún ọmọ ọdún mẹ́jọ: ṣé oníke ti òkèèrè kò tó? (Oǹkàwé, Òṣogbo)

Èsì: Fún ariwo, ó tó. Ṣùgbọ́n ọsán, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, ni gángan fi ń sọ̀rọ̀, ike kò sì ní èyí tó ṣeé fún. Lọ́dọ̀ agbẹ́lù, ẹ fi apá fún ọsán náà, kí ẹ fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Ohùn gbọ́dọ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, kó sì padà bọ̀ bí ẹ bá tú u sílẹ̀. Tó bá há sókè, ọsán náà kò yọ̀, ẹ dá ìlù náà padà fún agbẹ́lù. Lásìkò òjò, awọ rẹ̀ á dẹ̀. Ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.