Wọ́n Sun Káàdì Gíráfíìsì, Kọ̀ǹpútà Kọ̀, Kò Tàn Mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi ló kọ́kọ́ ń hàn lójú kọ̀ǹpútà ilé mi. Oníṣẹ́ kan ní káàdì gíráfíìsì (èyí tó ń gbé àwòrán jáde sójú mọ́nítọ̀) ló ń ṣe é, ó fi hit gun (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná) sun ún. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ló bá kú. Ní báyìí, tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, fáànù á yí lẹ́ẹ̀kan, á dúró, kò sì ní í dáhùn mọ́ àfi tí mo bá yọ wáyà iná. Ṣé ó ti kó bá bọ́ọ̀dù (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́) ni? Àbí kí wọ́n tún un sun? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún un sun, ẹ má sì tíì ra bọ́ọ̀dù. Ohun tí ẹ júwe yìí, power pack (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) ló ń gba ara rẹ̀ là: iná ti ṣọ́ọ̀tì níbì kan, ó rí i, ó sì pa ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ yè.

Ẹ yọ wáyà iná lára ògiri, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kí iná tó ṣẹ́ kù lè tán. Ẹ tú súkúrù káàdì, kí ẹ tẹ ìdè kékeré tó wà nípẹ̀kun ihò rẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ibẹ̀ làwọn aláìnísùúrù ti ń ya bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ẹ tan kọ̀ǹpútà láìsí káàdì nínú rẹ̀.

Bí fáànù bá ń yí lọ, káàdì ni ọ̀daràn. Ẹ so mọ́nítọ̀ mọ́ ojú HDMI ara bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) yín ná. Intel tí F parí orúkọ rẹ̀, bí i5-10400F, tàbí Ryzen 5 3600, kò ní gíráfíìsì tirẹ̀; mọ́nítọ̀ á ṣókùnkùn bí bọ́ọ̀dù tilẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ tẹ Num Lock lára kíbọ́ọ̀dù. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó ń kú bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀dù yè. Ẹ wá yá káàdì kékeré tí kì í gba wáyà iná lọ́tọ̀, bíi GT 1030, kí ẹ fi rí àwòrán.

Bí ó bá ṣì ń kú láìsí káàdì, ẹ yẹ abẹ́ bọ́ọ̀dù wò fún súkúrù tàbí òjé (èyí tí wọ́n fi ń lẹ ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù) tó já bọ́, kí ẹ fi RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) ẹyọ kan ṣoṣo dán an wò.

Káàdì ọ̀hún ńkọ́? Ẹ gbé míta iná sí ohm (ìwọ̀n ìdènà iná). Ẹnu dúdú sí irin tí súkúrù ń wọ̀, ẹnu pupa sí ihò 12V níbi tí wáyà iná ti ń wọ káàdì, ìyẹn ìlà tí kò sí lápá ibi ìdè. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0, MOSFET (ẹ̀yà kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á) kan ló sábà máa ń jó. Ẹ má fi ẹsẹ̀ coil (wáyà tí wọ́n ká) tó yí ṣíìpù (ọpọlọ káàdì) ká dájọ́ o: káàdì tó yè lè fi ohun tó kéré ju ohm 1 hàn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì ti fi ìyẹn pè ní òkú láìkú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀ náà; ibi tí ojú òjé méjì bá ń dán láìsí nǹkan lórí wọn, hit gun ti fẹ́ capacitor (ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná) ibẹ̀ lọ.

Òjé òde òní kì í yọ́ kí ooru tó tó nǹkan bíi 217°C. Ooru hit gun ọwọ́ kì í dọ́gba, bọ́ọ̀dù káàdì á tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà pẹ̀lú, inú ṣíìpù gan-an ni ibi tó sán wà. Ooru á mú kí ó fara kanra fúngbà díẹ̀, á tún ya. Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ rí yẹn nìyẹn. Bí MOSFET ni, oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí ṣíìpù ni, ẹ ta á fún ẹni tó ń wá fáànù.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi wáyà 8-pin ti processor sínú káàdì? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Rárá o! Ìlà tí 12V wà nínú ọ̀kan ni ilẹ̀ (ground, ọ̀nà tí iná ń gbà padà) wà nínú èkejì. Bí ẹ bá fipá tì í, ṣọ́ọ̀tì ni. Ti processor sábà máa ń pín sí 4 àti 4, ti káàdì sí 6 àti 2. Wáyà tó bá power pack mìíràn wá náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kódà bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́: ìhà tó ń wọ power pack kì í ṣe bákan náà láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì.