Tíúnì wo ló yẹ kí n gbé sórí gìtá steel ọlọ́rùn mẹ́ta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gìtá steel (èyí tí a ń gbé ọ̀pá irin sórí okùn rẹ̀ ta) ọlọ́rùn mẹ́ta tí kò ní pẹ́dáàlì. Okùn mẹ́jọ ló wà lórí ọrùn kọ̀ọ̀kan, gígùn okùn jẹ́ ínṣì 22.5. Nínú àwọn tíúnì, ìyẹn ohùn tí a ń fún okùn kọ̀ọ̀kan kí a tó máa ta á, C6 nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Mo ń rò ó pé kí n fi C6 sórí ọrùn kan, A6 sórí èkejì, E13 sórí ẹ̀kẹta. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Okùn wo ni kí n rà, ọrùn wo ni kí ó sì gba èwo?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó gìtá tuntun o. C6 àti E13 tí ẹ mú yẹn dára. A6 ni mo fẹ́ kí ẹ tún rò, nítorí odindi ọrùn kan ni yóò gbà lọ́wọ́ yín, ohun tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ni yóò sì dá padà fún yín.

Ẹ kọ àwọn méjèèjì sórí ìwé, láti okùn tó nípọn jù lọ sí èyí tó tín-ín-rín jù lọ. C6 olókùn mẹ́jọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò nìyí: A C E G A C E G. A6 rèé: F# A C# E F# A C# E. Ẹ fa gbogbo ohùn C6 wálẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì (àwọn ìlà tó pín ọrùn gìtá) mẹ́ta, A6 náà lẹ ó bá níbẹ̀, okùn dé okùn. Ohun tí ẹ bá ta ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún lórí C6, ní fírẹ́ẹ̀tì kẹjọ ló wà lórí A6, okùn kan náà, ìka kan náà. (Bí C6 yín bá jẹ́ èyí tí E wà lórí okùn kìíní, èyí tó tín-ín-rín jù lọ, ìyẹn F A C E G A C E, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. E yẹn jẹ́ ohùn kẹta kọ́ọ̀dù, ìyẹn àkójọ ohùn tó ń dún pọ̀, nínú C6, ó jẹ́ ohùn karùn-ún nínú A6, orin kan náà á sì bọ́ sọ́wọ́ yín lọ́nà méjì. Nígbà náà, A6 tó ọrùn tirẹ̀ ní.)

Irin tí ẹ ń fi ọwọ́ òsì gbé sórí okùn, ọ̀pá gbọọrọ ni. Kò lè tẹ okùn kan síwájú kó sì tẹ èkejì sẹ́yìn bí ìka ṣe ń ṣe lórí gìtá lásán. Kọ́ọ̀dù tí kò bá sí nínú tíúnì, bí ẹ ti irin dé òpin ọrùn, ẹ ò ní rí i. Torí náà, ohun tí C6 kò ní ni kí ẹ fi wá ọrùn kejì, ohun tí méjèèjì kò ní ni kí ẹ fi wá ẹ̀kẹta.

Kí ni C6 kò ní? Ẹ wo C, E, G àti A. Kò sí méjì nínú wọn tí ìdajì ohùn mẹ́fà (fírẹ́ẹ̀tì kan ni ìdajì ohùn kan) wà láàárín wọn. Ìjìnnà mẹ́fà yẹn ni B sí F inú G7, òun ló ń mú kí etí máa retí C. Bí irin bá wà ní títọ́ lórí C6, B àti F ò ní bá ara wọn dún láéláé. Bí ẹ bá da irin dagẹ̀rẹ̀, ẹ lè rí i, ṣùgbọ́n okùn méjì ni, bó pọ̀ tán mẹ́ta. Kọ́ọ̀dù náà á gbẹ.

E13 ló dí àlàfo yìí. Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ tò ó nìyí, láti okùn tó nípọn jù lọ wá: B D F# G# B C# E G#. D àti G# ti wà níbẹ̀, ìdajì ohùn mẹ́fà gééré. Ẹ gbé irin sí fírẹ́ẹ̀tì kẹta, D di F, G# di B, G7 yín ti délé pẹ̀lú ohùn kẹsàn-án àti ìkẹtàlá lórí. Ohun tó tún mú mi fẹ́ ìtò yìí fún ẹni tó ti mọ C6 ni okùn mẹ́rin tó wà lókè: B C# E G#. Ìtò kan náà ni G A C E tó wà lórí okùn karùn-ún sí èkejì nínú C6 yín, ó kàn sún sókè ní okùn kan ni. Ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó jókòó. Àṣìṣe tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ E13 sábà máa ń ṣe ni kí wọ́n gbá okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí orin ń fẹ́ E lásán. D àti C# á máa bá ara wọn jà nínú rẹ̀. Fún E lásán, okùn kìíní, èkejì àti ìkẹrin ni kí ẹ fà, kí àtẹ́lẹwọ́ pa ìyókù.

Lórí ọrùn kẹta, B11 ni mo máa dámọ̀ràn: B D# F# A C# E. Ẹ wo okùn mẹ́rin òkè rẹ̀, F# A C# E. A6 tí ẹ ń wá nìyẹn! Ìtò rẹ̀ sì bá okùn mẹ́rin òkè C6 yín mu láìyẹ̀. Okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀, B D# F# A, jẹ́ B7 pípé pẹ̀lú ohùn ìpìlẹ̀ rẹ̀. Tíúnì àwọn ará Hawaii ni, ó dùn púpọ̀ nínú orin tó rọra ń lọ. Okùn mẹ́fà ló ń fẹ́, ẹ fi àyè okùn méjì tó nípọn jù sílẹ̀ lófìfo. Bó bá jẹ́ blues tàbí orin ìyìn ni ẹ ń ta jù, ẹ fi D ṣíṣí rọ́pò rẹ̀, D A D F# A D, nítorí àwọn ìyẹn ń fẹ́ kọ́ọ̀dù tó dúró gbọn-in ju kọ́ọ̀dù tó kún lọ.

Kí ẹ tó ra okùn kankan, ẹ gbìyànjú èyí lórí C6: ẹ yí kọ́kọ́rọ́ okùn keje sókè díẹ̀, kí C ìsàlẹ̀ di C#. Okùn ìkẹjọ sí ìkarùn-ún á di A C# E G, A7 gidi, láìgba ọrùn kankan. Jerry Byrd, ará Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ nídìí gìtá steel, lo irú C6 oní-C# bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín ni C ìsàlẹ̀.

Ìnípọn okùn, ní ínṣì, fún gígùn ínṣì 22.5, láti okùn kìíní lọ sísàlẹ̀. Èyí tí mo kọ w sí lára ni wọ́n fi wáyà wé. C6: 0.012, 0.014, 0.018, 0.022, 0.024w, 0.030w, 0.036w, 0.042w. E13: 0.011, 0.014, 0.017, 0.018, 0.022, 0.026w, 0.032w, 0.038w. B11: 0.014, 0.017, 0.022, 0.026w, 0.032w, 0.038w. Okùn kọ̀ọ̀kan á fa bíi kìlógíráàmù 10 sí 12.

G# òkè E13 ni okùn tó máa ń já jù. Ọ̀pọ̀ á ní kí a fi okùn tó tún tín-ín-rín sí i. Kò ràn án. Okùn tín-ín-rín ń fà díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ náà kéré, ìnira tó wà lórí irin náà kò yí padà. Gígùn okùn àti gíga ohùn ló ń pinnu ibi tí yóò já sí. Ní 22.5, G# kò ní wàhálà. Ní 24.5, ìfà lórí okùn kan náà á fi bíi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i; ní 26, ó lé ní 33, ibẹ̀ ni mo ti máa ní kí ẹ yọ G# kúrò lókè. Bó bá ń já lórí 22.5, ẹ yẹ bíríìjì, ohun tí okùn gùn lé ní ìdí gìtá, wò: ibi tí okùn ti kàn án lè mú bí ọ̀bẹ.

Ní ti ipò, ọrùn tó sún mọ́ yín jù ni kó gba C6, àárín kó gba E13, èyí tó jìnnà kó gba B11. Ìdí ni pé bí ẹ bá ń ta ọrùn tó jìnnà, apá yín á kọjá lórí okùn àwọn méjì yòókù, aṣọ yín lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ fi ṣíwíìṣì pa pickup wọn, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn. Bí wọ́n bá ṣì ń kùn, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lórí wọn ti tó.

Nígbà títíúnì, ẹ má gba gbogbo ọ̀rọ̀ tíúnà, ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, gbọ́. Kọ́ọ̀dù tó mọ́ tónítóní ń fẹ́ kí ohùn kẹta rẹlẹ̀ sí ti tíúnà ní sẹ́ǹtì 14 (ọgọ́rùn-ún sẹ́ǹtì ló wà nínú ìdajì ohùn kan), kí ìkẹfà rẹlẹ̀ ní 16. Bí ẹ bá ṣe é tán pátápátá lórí C6, E inú rẹ̀ á rẹlẹ̀ ju E tó jẹ́ ìpìlẹ̀ E13 lọ, ẹ ó sì gbọ́ ọ bí ẹ bá fò láti ọrùn dé ọrùn. Ẹ gbà á sí àárín: E àti A inú C6, G# àti C# inú E13, D# inú B11, kí gbogbo wọn rẹlẹ̀ ní sẹ́ǹtì 7. Ẹ fi D inú E13 sílẹ̀ bí tíúnà ṣe wí.

Okùn 22 ń fa ara gìtá náà pẹ̀lú ìwọ̀n tó lé ní kìlógíráàmù 200, igi rẹ̀ sì ń tẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá gbé ohùn ọrùn kẹta sókè, ti ìkíní á wálẹ̀. Torí náà, ẹ tíúnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ padà sórí ìkíní, kí ẹ máa yí i ká bẹ́ẹ̀ títí abẹ́rẹ́ tíúnà kò fi ní yẹ̀ mọ́.