Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ gé e

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní asbestos àtijọ́ ló wà lára ògiri ìta ilé tí ẹ rà ní Maryland l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́ ní 1951, ẹ wá ń béèrè bóyá vinyl siding, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo ògiri ìta, ṣeé kàn lé e lórí, àti bí ìṣó rẹ̀ ṣe yẹ kó gùn tó. Ó ṣeé kàn. Èmi náà kàn án sórí tèmi, àmọ́ ojú mi rí màbo.

Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi po asbestos ara ògiri. Tó bá jókòó jẹ́ẹ́ láìsán, kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Ìgbà tó bá di eruku ni kẹ́ ẹ sá, torí ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀ sí, àìsàn rẹ̀ sì lè fara pamọ́ fún ọdún 20 sí 40 kó tó yọjú.

Oúnjẹ ni mo lọ rà fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí n tó dé, ọ̀kan nínú wọn ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìsì, ó fẹ́ lu ihò fún páìpù ẹ̀rọ ìgbẹṣọ. Eruku ń sọ lálá bí ìgbà tí èèyàn ń jọ láfún. Bàtà pupa ọmọ mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti di funfun báláú. Aládùúgbò pe ìjọba, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, iṣẹ́ dúró. Ọ́fíìsì kìíní ní kí n lọ bá èkejì, èkejì ní kí n padà sí ti àkọ́kọ́. Obìnrin kan ṣi orúkọ mi kọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo tún fọ́ọ̀mù kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwa mẹ́rin fi sùn sí yàrá kan nílé àna mi. Owó tí mo tọ́jú fún siding, àwọn aláṣọ funfun tó wá palẹ̀ eruku mọ́ ló gbà á. Kọ́ńtírákítọ̀ mi? Kò gbé fóònù mọ́. Ẹni tó yẹ ilé náà wò kí n tó rà á ńkọ́? Ó gbowó ńlá, ìlà kan ṣoṣo ló kọ: "ó ṣeé ṣe kó jẹ́ asbestos." Ọ̀mọ̀ràn nìyẹn o!

Torí náà, láàbù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú èérún rẹ̀ lọ. Ẹ má fi ẹ̀rọ omi alágbára fọ ògiri yẹn. Èyí tó bá ti sán, ẹ fi omi ọlọ́ṣẹ wọ́n ọn, ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù nínípọn méjì, kẹ́ ẹ sì béèrè ààtàn tó ń gbà á, kì í ṣe ti àwọn akólẹ̀. Ẹni tó bá dá yín lóhùn ní ọ́fíìsì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Sílíìnì asbestos ilé àwọn òbí wa ní Ìbàdàn náà, tí a máa ń fọ́ tí a sì ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ò le: foam pẹlẹbẹ lórí asbestos, J-channel (ike tó tẹ̀ bíi lẹ́tà J, tí etí siding ń wọ̀) yíká fèrèsé, lẹ́yìn náà siding.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìṣó! Ẹ wọn nínípọn foam àti asbestos pọ̀, kẹ́ ẹ fi 1¼ ínǹṣì lé e, kó lè wọ igi gidi. Ẹ má kàn án pa o, oòrùn máa ń mú vinyl fẹ̀.