Ẹni tá a jọ ń du ipò ni mò ń fẹ́

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o, mò ń ka yín gan-an. Báńkì kan ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, màkẹ́tà ni mí, ọmọ ọdún 31. Ọkùnrin kan wà tá a jọ wà ní yúníìtì kan náà, láti 2021 tó ti dé ni mi ò ti fẹ́ rí i sójú. Oníbàárà tí mo bá fi oṣù mẹ́ta bẹ̀ ní Gbági Tuntun, tí n bá débẹ̀ wọ́n á ní “ẹnì kejì yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni.” Láàárọ̀ Mọ́ńdè tí wọ́n bá ń pe tágẹ́ẹ̀tì, tí mo bá mú mílíọ̀nù mẹ́wàá wá òun á mú méjìlá, á wá máa súfèé lọ sídìí tábìlì ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà ní February 2023 ni gbogbo ẹ̀ yí padà. Ẹ rántí bí èrò ṣe ń fo fẹ́ǹsì wọ báńkì. Bàbá àgbà kan di ọwọ́ mi mú pé òun ò ní lọ àfi tóun bá gba 5,000 náírà òun láti fi ra oògùn, bẹ́ẹ̀ kò sí kọ́bọ̀ nílẹ̀. Ọkùnrin yìí bọ́ sáàárín wa, kò pariwo, ó yọ wọ́lẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, ó ka 3,200 sí bàbá náà lọ́wọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá mi wá bàtà mi ẹsẹ̀ kan tí èrò ti ta lọ sábẹ́ àga. Àǹtí, mi ò ní parọ́, ọkàn mi lọ.

À ń fẹ́ra wa báyìí, ẹnikẹ́ni ò mọ̀, kódà a ṣì máa ń jágbe mọ́ra wa ní mítìn-ín kí wọ́n má bàa fura. Ó fẹ́ ká ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní December. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ipò olórí yúníìtì ti ṣí, àwa méjèèjì la sì gbórúkọ sílẹ̀, báńkì wa kì í sì í gba tọkọtaya, òun wá ní kí n yọ orúkọ mi kí n máa wáṣẹ́ síbòmíì torí ilé wa. Ẹ̀n-ẹ́n, mo fẹ́ gbàgbé, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ fún un pé Àlájà kan tó ń ta léèsì fẹ́ kó mílíọ̀nù 40 wá, ọjọ́ kejì orúkọ tiẹ̀ ni mo rí lórí akáǹtì yẹn pé òun ló mú oníbàárà náà wá. Ó ní ṣebí ọ̀kan náà ni wá. Kí ni kí n ṣe?

Ìyàwó Ọ̀la, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ìyàwó Ọ̀la, o fẹ́ gbàgbé kẹ̀? Ọ̀rọ̀ Àlájà yẹn ló yẹ kó ṣáájú lẹ́tà ẹ. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan náà lẹ jẹ́ lóòótọ́, kí ló dé tí kì í ṣe orúkọ tìẹ ló wà lórí akáǹtì náà?

Mi ò ní ọkùnrin yẹn ò dáa o. Lásìkò yẹn, èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí fi 12,000 ra 10,000 lọ́wọ́ oníPOS, kó tó di pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 3 March 2023 ní ká ṣì máa ná owó àtijọ́ títí December, kò sẹ́ni tó ń fi náírà ṣeré. Ẹni tó kó tàpò ẹ̀ fún bàbá tí kò mọ̀ rí, aláàánú ni. Àmọ́ kéèyàn ṣàánú arúgbó lọ̀tọ̀, kéèyàn má jẹ òógùn ojú ẹni tí wọ́n jọ ń sáré lọ̀tọ̀.

Sọ fún un kó kọ ìméèlì sí mánéjà pé ìwọ lo mú Àlájà wá, kí wọ́n yí kóòdù akáǹtì náà sórúkọ ẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, ìwọ náà mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Kó o máa wo ojú ẹ̀ bó o ṣe ń sọ ọ́. Tó bá ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa bá eré ìfẹ́ yín lọ, tó bá ń sọ “kí ló tó nǹkan níbẹ̀,” sún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn síwájú ná.

Orúkọ ẹ ńkọ́? Má yọ ọ́. Ta ló sọ pé obìnrin ló gbọ́dọ̀ máa fi ipò sílẹ̀, àbí ẹnì kan ti bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ ni? Ẹ jọ wọlé ìdánwò, ẹni tó bá mú un kó mú un, wàá sì rí irú ẹni tó jẹ́ lọ́jọ́ tó o bá fẹ̀yìn ẹ̀ balẹ̀.

Ti òfin báńkì yẹn, lọ ka ìwé òfin òṣìṣẹ́ fúnra ẹ, má gbára lé ohun tí wọ́n ń sọ ní kántíìnì. Àwọn ibì kan kì í gba tọkọtaya rárá, àwọn ibòmíì kàn ní kẹ́ ẹ má wà ní bráńṣì kan náà, tàbí kí ẹnì kan má jẹ́ ọ̀gá ẹnì kejì. Bí èyíkéyìí nínú yín bá di olórí yúníìtì, òun ni yóò máa ṣe àpíréésà ẹnì kejì, ìyẹn ni pé òun ni yóò máa fún un ní máàkì iṣẹ́ ẹ̀, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ sọ kó tó di pé káàdì ìgbéyàwó jáde.

Tó bá wá di dandan kí ẹnì kan lọ, ẹ jókòó ṣírò ẹ̀. Owó pẹ́ńṣọ̀n ò lè dá yín dúró, 8% tẹ́ ẹ̀ ń dá àti 10% tí báńkì ń fi sí i, ẹ̀yin lẹ ni ín, á tẹ̀ lé yín lọ síbi tuntun. Lóònù òṣìṣẹ́ ni kó o bẹ̀rù, torí ọjọ́ téèyàn bá kúrò ni wọ́n máa ń ní kó wá san gbogbo ẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé èlé ẹ̀ sókè. O ò sọ fún mi bóyá ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì gba irú lóònù bẹ́ẹ̀. Bi í léèrè kí oṣù yìí tó parí.