Ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì tí kì í pòórá bí iná bá lọ tó sì padà dé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń mójú tó server kan níbí ní Àjàṣẹ́, Ubuntu ló wà lórí rẹ̀. Káàdì nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ni enp3s0, àdírẹ́sì rẹ̀ ni 192.168.10.5. Router íntánẹ́ẹ̀tì wà ní 192.168.10.1. Router tó já sí ẹ̀ka wa ní Kétu wà ní 192.168.10.254, nẹ́tíwọ̀kì Kétu sì ni 10.20.4.0/24. Mo tẹ ip route add láti fi ọ̀nà Kétu han server, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tó dé, ọ̀nà náà ti pòórá, àwọn ará Kétu kò ní rí server mọ́. Mo kọ àṣẹ náà sínú /etc/rc.local, fáìlì àṣẹ tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tó bá ń jí: ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ mìíràn kò ṣiṣẹ́. A tún ní server FreeBSD kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà o. Àṣẹ tí ẹ tẹ̀ kò ní àléébù. Inú iyè kernel (ọkàn ètò Linux) nìkan ni ip route add ń kọ ọ̀nà sí, kò kọ nǹkan kan sórí dísíkì, nítorí náà bí server bá kú, ọ̀nà náà bá a lọ. Kò tilẹ̀ dìgbà tí server bá kú. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ip link set enp3s0 down, kernel á nu gbogbo ọ̀nà IPv4 tó gba káàdì yẹn kọjá, tí wọ́n bá sì gbé káàdì náà dìde padà, kò ní dá ti Kétu padà fún yín.

Ní ti rc.local, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí. Bí iná bá dé, server, switch (àpótí tó so wáyà àwọn ẹ̀rọ pọ̀) àti router jọ ń jí ni, switch sì lè pẹ́ ju server lọ. Nígbà tí switch kò bá tíì jí, kò sí ẹni tó dá enp3s0 lóhùn lódìkejì wáyà, kò sì ní tíì gba àdírẹ́sì rẹ̀. Tí rc.local bá wá ní kí kernel gba ọ̀dọ̀ 192.168.10.254 lọ sí Kétu, kernel á dáhùn pé «Network is unreachable» tàbí «Nexthop has invalid gateway», nítorí kò tíì mọ ibi tí gateway yẹn, ìyẹn router tí ọ̀nà gbà kọjá, wà. Àṣẹ já sófo, kò sì sí ẹni tí yóò tún un pa. Lọ́jọ́ tí switch bá tètè jí, ẹ ó rò pé ó ti dára. Àwọn kan máa ń fi sleep 30, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, sí iwájú àṣẹ náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: bí wáyà bá tú lọ́sàn-án gangan, rc.local kò ní mọ̀ sí i.

Ẹni tó ń fún káàdì ní àdírẹ́sì ni kí ẹ fi ọ̀nà lé lọ́wọ́. Nígbàkigbà tí ó bá gbé káàdì dìde, òun náà ni yóò dá ọ̀nà padà. Lórí Ubuntu, netplan, ètò tó ń to nẹ́tíwọ̀kì, ni ẹ ó bá sọ̀rọ̀. Ẹ wo inú /etc/netplan. Bí ẹ bá rí 50-cloud-init.yaml níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, nítorí cloud-init, ètò tó kọ fáìlì náà fúnra rẹ̀, lè tún un kọ kó sì pa iṣẹ́ yín rẹ́. Ẹ ṣẹ̀dá fáìlì tuntun, ká ní 60-ketu.yaml:

network:
  version: 2
  ethernets:
    enp3s0:
      routes:
        - to: 10.20.4.0/24
          via: 192.168.10.254

Netplan á da fáìlì méjèèjì pọ̀, àdírẹ́sì tó wà nínú ti àkọ́kọ́ kò ní sọnù. Àlàfo lásán ni kí ẹ fi tò ó, ẹ má lo Tab, nítorí YAML, ìlànà tí a fi ń kọ fáìlì yìí, kò gbà á. Lẹ́yìn náà:

sudo chmod 600 /etc/netplan/60-ketu.yaml
sudo netplan try

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ti ọ̀nà jíjìn ṣe é, netplan try ni kí ẹ lò, kì í ṣe netplan apply. Ó máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 120. Bí ẹ kò bá tẹ Enter láàárín àkókò yẹn, ó á dá ètò àtijọ́ padà, ìyẹn ni pé bí àṣìṣe bá tì yín síta, ẹ ó tún rí ọ̀nà wọlé.

Bí server kan yín bá jẹ́ Debian tó ń lo /etc/network/interfaces, abẹ́ ìlà iface ti káàdì náà ni ẹ ó kọ ọ́ sí:

up ip route replace 10.20.4.0/24 via 192.168.10.254

Mo yan replace dípò add nítorí bí ọ̀nà náà bá ti wà tẹ́lẹ̀, add á pariwo «File exists», ifup, àṣẹ tó ń gbé káàdì dìde, á sì kà á sí ìkùnà. Lórí ìdílé Red Hat, nmcli, àṣẹ NetworkManager tó ń to nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀, ni:

nmcli connection modify enp3s0 +ipv4.routes "10.20.4.0/24 192.168.10.254"
nmcli connection up enp3s0

Orúkọ connection, ìyẹn ètò tí wọ́n fi pamọ́ fún káàdì, lè yàtọ̀ sí ti káàdì. Àṣẹ nmcli connection show á fi hàn yín. Ẹ má gbàgbé àmì + yẹn, torí láìsí i, ọ̀nà tuntun á lé gbogbo ti àtijọ́ dànù.

FreeBSD ti Ṣábẹ̀ẹ́ kò mọ ip route rárá. Inú /etc/rc.conf ni tirẹ̀ ń gbé. Bí router ibẹ̀ bá jẹ́ 192.168.30.254:

static_routes="ketu"
route_ketu="-net 10.20.4.0/24 192.168.30.254"

Bí static_routes bá ti wà nínú fáìlì náà tẹ́lẹ̀, inú àmì àyọlò kan náà ni kí ẹ kó gbogbo orúkọ sí, nítorí ìlà tó kẹ́yìn ló máa ń borí. Ẹ fi route add tẹ ọ̀nà náà lọ́wọ́ fún ti òní, rc.conf á gbà á lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ̀rọ bá tún jí.

Ẹ dán an wò lórí server Ubuntu yín báyìí:

ip route get 10.20.4.15

Ó gbọ́dọ̀ fi via 192.168.10.254 hàn. Bí 192.168.10.1 ló fi hàn, kò rí ọ̀nà yín, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń kó ọ̀rọ̀ Kétu lọ. Ẹ yọ wáyà, ẹ dá a padà, ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ pa server kí ẹ tún un tàn, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá ti dá. Ẹ pa switch pọ̀ mọ́ ọn, kí ó lè dà bí ìgbà tí iná lọ lóòótọ́.

Bí ọ̀nà bá wà nínú ìdáhùn ṣùgbọ́n tí ping, àṣẹ tó ń pe ẹ̀rọ kejì láti mọ̀ bóyá ó ń dáhùn, kò padà, ẹ yí ojú sí Kétu. Router tọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe dá ìdáhùn padà sí 192.168.10.0/24, ọ̀nà tirẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ètò tó fi pamọ́, nítorí iná ń lọ ní Kétu náà. Àṣẹ tcpdump, tó ń fi ọ̀rọ̀ tó ń gba káàdì kọjá hàn, lórí enp3s0 á jẹ́ kí ẹ mọ̀: bí ẹ bá rí ìbéèrè tó ń jáde láìsí ìdáhùn tó ń wọlé, server yín ti ṣe tirẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn tàbí ojú ọ̀nà ni àtúnṣe kù sí.